Ìmúni, àtìmọ́lé, béèlì: ibo ni agbára ìjọba ti dópin lórí ara ẹni?

"Adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi afurasí náà pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọjọ́ mẹ́rìnlá." Ọ̀sẹ̀ kì í parí kí irú gbólóhùn yìí má jáde nínú ìròyìn. Bó bá sì ti jáde, ọ̀pọ̀ ni yóò ní ẹjọ́ ti tán: ó jẹ̀bi, wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n gba béèlì rẹ̀, àwọn kan náà ni yóò tún ní owó ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti tú ọ̀daràn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àṣìṣe yìí máa ń ná ni lówó. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìmúni àti ẹ̀wọ̀n kò ní mọ ìgbà tí agbófinró ti kọjá ààyè rẹ̀, yóò sì máa sanwó fún ohun tí òfin ti fún un tẹ́lẹ̀.

Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn túmọ̀ sí?

Ìmúni ni kí agbófinró gba ìrìn ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ yín. Kò dìgbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bá kan ọrùn ọwọ́. Bí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ ká jọ dé tésàn", tí ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ lè kọ̀ láti lọ, tí wọ́n sì ní rárá, wọ́n ti mú yín nìyẹn. Àtìmọ́lé ni kí wọ́n wá dá yín dúró sí àgọ́ wọn lẹ́yìn ìmúni. Àhámọ́ ilé ẹjọ́ yàtọ̀: adájọ́ ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹni náà pamọ́, lọ́pọ̀ ìgbà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, títí wọn yóò fi mọ ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀wọ̀n gan-an ni ìyà tí adájọ́ dá lẹ́yìn tó ti gbọ́ ẹjọ́ tán tó sì rí i pé ẹni náà jẹ̀bi. Béèlì ni kí wọ́n jẹ́ kó máa ti ilé rẹ̀ wá jẹ́jọ́, kí ẹlòmíì dúró fún un pé kò ní sá.

Afurasí ni ẹni tí wọ́n fura sí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni títí wọn yóò fi fi hàn pé ó ṣẹ̀.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé ògiri kan náà ló yí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi àti ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ ká. Kódà, àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí ló pọ̀ jù nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Àhámọ́ dà bí ewúrẹ́ tí èèyàn méjì ń jà sí, tí baálẹ̀ ní kí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé òun títí òun yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Síso tí wọ́n so ó kò tíì sọ ẹni tó ni ín.

Ta ló yẹ kó ṣàlàyé ara rẹ̀?

Bí aládùúgbò bá fẹ́ yá ọkọ́ yín, òun ló máa sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe àti ọjọ́ tó máa dá a padà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣàlàyé ìdí tí ọkọ́ yín fi wà nílé yín. Bí òfin ṣe ka òmìnira ara ẹni sí nìyẹn. Ìjọba kọ́ ló fún yín; ìjọba ló ń yá a, ẹni tó ń yá nǹkan ni àlàyé wà lọ́rùn rẹ̀.

Abala 35 nínú ìwé òfin kan náà la ẹnu ọ̀nà mẹ́fà péré sílẹ̀ tí ìjọba lè gbà yá a: kí ilé ẹjọ́ ti dá ẹni náà lẹ́bi, kó ṣàìgbọràn sí àṣẹ ilé ẹjọ́, kí wọ́n ní ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ pé ó dá ọ̀ràn tàbí pé ó fẹ́ dá a, kó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí ẹ̀kọ́ tàbí ìtọ́jú rẹ̀ gba bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ pé àìsàn tó ń ràn, àrùn ọpọlọ, oògùn olóró tàbí ọtí ló mú kó nílò ìtọ́jú (ẹnu ọ̀nà kan náà yìí ni ti alárìnkiri tí kò níbùgbé), tàbí kó jẹ́ ọ̀rọ̀ wíwọ orílẹ̀-èdè láìgbàṣẹ àti lílé ẹni jáde níbẹ̀. Ìmúni tí kò bá gba ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí wọlé, ojú fèrèsé ló gbà.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni èrò ń gbà jù, òun náà ni wọ́n sì ń fẹ̀ jù. Ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni èyí tí ọlọ́pàá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹlòmíì tí onítọ̀hún á sì gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: wọ́n rí i níbi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹrù tí wọ́n jí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlẹ́rìí dárúkọ rẹ̀. Irun dàda, láptọ́ọ̀pù àti fóònù olówó ńlá kì í ṣe ìfura, aṣọ àti irinṣẹ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ irú èyí ló wà lára ohun tó gbóná títí ìjọba fi tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà 2020.

Wákàtí 24 ni tàbí 48?

Ẹni tó bá yá ọkọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tó máa dá a padà. Ìdí nìyí tí aago fi wà, aago méjì ló sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa pọ̀.

Aago kìíní jẹ́ ti àlàyé. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú ẹni náà sílẹ̀ fún un, ní èdè tó gbọ́. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: kíkọ sílẹ̀ ni, ní èdè tó gbọ́ sì ni. Ìyá arúgbó tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, tí wọ́n ka èdè Òyìnbó sí létí, wọn kò tíì ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe.

Aago kejì jẹ́ ti ilé ẹjọ́. Bí ilé ẹjọ́ tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nítòsí, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu. Nítorí náà, "wákàtí 48" tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, òfin ibi jíjìnnà ni. Ẹni tí wọ́n mú ní Òjé n'Íbàdàn, tí kóòtù Ìyágankú wà nínú ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n dá ọ̀ràn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn àti ìdigunjalè, ni aago kejì yìí kò dè bẹ́ẹ̀. (Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, òfin ilẹ̀ wọn ti 1990 fi wákàtí 48 ṣe ààlà kí ẹni náà tó dé iwájú adájọ́, bí ọ̀rọ̀ bá le kọjá bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ.)

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iwájú adájọ́, tí kì í ṣe iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọlọ́pàá ti gbọ́ ẹnu olùfisùn, òun náà ló mú afurasí, òun náà ló ń wádìí. Òfin ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, tó lè bi ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ léèrè.

Ibi tí aago yìí ti sábà ń kú ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọn á mú èèyàn ní aago mẹ́rin, wọn á ní ilé ẹjọ́ kò ní jókòó títí di ọjọ́ Ajé. Abala 35 kò yọ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Ohun tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ti 2015, sọ ni pé bí ọ̀ràn náà kò bá jẹ́ ti ikú, kí wọ́n gba béèlì ẹni náà ní tésàn láàárín wákàtí 24, bí wọn kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ ilé ẹjọ́ lọ lórúkọ rẹ̀. Òfin náà tún ní kí májísíréètì máa ṣe àbẹ̀wò sí àwọn àgọ́ ọlọ́pàá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti wo ìwé àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì. ACJA jẹ́ ti ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2007, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù sì ti tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà abala yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìran kan náà ni wọ́n.

Ṣé ọlọ́pàá lè mú mi nítorí gbèsè?

Láyé àtijọ́, olówó tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ owó rẹ̀ mọ́ á bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á dógò ti onígbèsè: á jókòó sójú ilé, á máa bú, á máa pàṣẹ oúnjẹ, títí ojú á fi ti gbogbo agbo ilé tí wọn á fi dá owó jọ. Lóde òní, àwọn kan ti sọ ọlọ́pàá di ológò. Iṣẹ́ tí òfin rán wọn kọ́ nìyẹn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ nìkan. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé irú ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn olùfisùn gbọ́n. Wọn kì í kọ "ó jẹ mí lówó" sínú ìwé ẹ̀sùn, "ó lù mí ní jìbìtì" ni wọ́n ń kọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ wà nínú ohun kan: ṣé irọ́ wà níbẹ̀ nígbà tí owó ń yí ọwọ́ padà? Télọ̀ tó gba ₦80,000 láti rán aṣọ ẹbí, tí máṣíìnì rẹ̀ wá bàjẹ́ tí ọjọ́ ìnáwó fi kọjá, gbèsè ló jẹ. Ẹni tó gba owó lórí ilẹ̀ tó mọ̀ dájú pé kì í ṣe tòun, jìbìtì ló lù. Ṣẹ́ẹ̀kì náà ní òfin tirẹ̀ láti 1977: ẹni tó bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí owó kò sí nídìí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e dé báńkì láàárín oṣù mẹ́ta tí wọn kò rí owó gbà, ó lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í rántí nígbà tí wọ́n bá ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì "fi dúró ná" fún oníbàárà.

Mímú ìyá nítorí ọmọ tó sá, tàbí mímú ìyàwó nítorí ọkọ tí wọn kò bá nílé, òfin 2020 yẹn kan náà kọ̀ ọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí wọ́n bá mú ìyá ọmọ náà, ohun tó yẹ kí ẹbí bèèrè ni pé: ẹ̀sùn wo ni ẹ kọ sí orúkọ òun fúnra rẹ̀?

Kí ni kí ẹ sọ, kí ni kí ẹ kọ?

Orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́, ẹ sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíì tí ẹ bá yàn yóò fi dé. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé "ẹlòmíì tí ẹ bá yàn" wà nínú abala 35 fúnra rẹ̀, nítorí náà wọn kò lè ní ẹni tí kò bá lágbára láti gba lọ́yà kò ní ẹnikẹ́ni tó lè bá a jókòó.

Stéétímẹ́ǹtì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Bí Yorùbá bá rọ̀ yín lọ́rùn jù, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ọlọ́pàá bá ń bá yín kọ ọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i kọ́ ni àkọ́kọ́ iṣẹ́ yín. Kó kà á padà síta ní èdè tí ẹ gbọ́, kó tún ohun tí kò tọ̀nà ṣe. Níbi tí ọ̀rọ̀ yín parí sí, ẹ fa ìlà dábùú gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹnikẹ́ni má rí ibi ki nǹkan bọ̀ lẹ́yìn. Ìwé òfìfo, ẹ má fọwọ́ sí i, bí wọ́n tilẹ̀ ní ìwé béèlì ni. Kí wọ́n sì tó ju ẹnikẹ́ni sí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní láti kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀: owó tó wà lápò rẹ̀, fóònù, aago, òrùka. Ẹ ka iye owó náà lójú wọn.

Bí béèlì bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni ₦500,000 inú ìròyìn?

Béèlì méjì ló wà. Ti tésàn jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Onídùúró á wá pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò àti ẹ̀rí ibi tó ń gbé, á fọwọ́ sí ìwé pé òun á mú ẹni náà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Kò sí owó fọ́ọ̀mù, kò sí owó báírò, kò sí "ẹ rí àwọn bọ́ìsì" nínú òfin. Wọn kò sì gbọdọ̀ kọ onídùúró torí pé obìnrin ni. ACJA sọ èyí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń dá obìnrin padà lójú kántà.

Ti ilé ẹjọ́ ni ìròyìn máa ń gbé. Bí ẹ bá kà á pé "adájọ́ gba béèlì rẹ̀ pẹ̀lú ₦500,000 àti onídùúró méjì", kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni san ₦500,000 fún adájọ́. Owó ìlérí ni. Onídùúró ń sọ pé: bí ẹni yìí bá sá, ẹ gba iye yìí lọ́wọ́ mi. Bí ẹjọ́ bá parí tí kò sá, kò sí kọ́bọ̀ tó kúrò lápò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀ gan-an nígbà míì, ó sì yẹ kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn ẹjọ́, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ewu onídùúró kì í ṣe eré: bí ẹni tó dúró fún bá sá, wọ́n lè gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá rí i san, òun fúnra rẹ̀ lè rí ẹ̀wọ̀n.

Òfin ní béèlì kò gbọdọ̀ wúwo kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo alágbàṣe tí wọ́n fẹ̀sùn olè fóònù kàn, tí wọ́n ní kó mú òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga tó nílé sí àárín ìlú wá. Wọ́n gba béèlì rẹ̀ lórí ìwé ni, ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ṣì wà ní títì. Agbẹjọ́rò rẹ̀ lè padà lọ bẹ ilé ẹjọ́ kó dín in kù. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọ́n á máa retí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ńkọ́?

Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Ilé ẹjọ́ gíga ló ni ín, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ sì ní láti ka fáìlì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀. Kí fáìlì yẹn tó lọ tó bọ̀, ọlọ́pàá á bẹ májísíréètì pé kó fi ẹni náà sí àhámọ́. Lábẹ́ ACJA, àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Wọ́n lè fi 14 kún un bí wọ́n bá kọ ìdí tó dáa wá. Lẹ́yìn èyí, ilé ẹjọ́ á pe ọ̀gá ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò àgbà ìjọba pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí òun tú ẹni náà sílẹ̀, á sún un síwájú fún 14 míì, ó sì lè fún wọn ní 14 ìkẹyìn. Ẹ rí i pé àlàyé ń le sí i bí ọjọ́ ṣe ń gùn sí i. Ìlànà yìí dára lójú mi ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ: fáìlì á sọnù, ọkọ̀ tó ń kó wọn wá sí kóòtù á bàjẹ́, ẹni náà á di ẹni ìgbàgbé. Ẹ̀tọ́ kan ṣì wà nínú abala 35 tí ìdílé irú wọn yẹ kó di mú: kò sẹ́ni tí wọ́n lè dá dúró de ẹjọ́ ju iye ọdún tó ga jù tí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ lọ.

Ṣé "ààbò ìlú" kò lè gbé gbogbo èyí tì?

Ibí ni àwọn aláṣẹ ti ń pa ọ̀rọ̀ pọ̀. Abala 45 fún ìjọba láyè láti fi òfin dín ẹ̀tọ́ kan kù nítorí ààbò, ìlera tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ abala 37 sí 41 ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀: àṣírí ẹni, ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọpọ̀, ìrìnkèrindò. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè sé àwọn èèyàn mọ́lé nígbà Kòrónà ní 2020 nìyẹn. Abala 35 kò sí nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá kéde ìlú-ò-fararọ ní ìlànà òfin nìkan ni wọ́n lè fọwọ́ kan òmìnira ara ẹni, ìwọ̀n tí ewu náà bá tó nìkan sì ni.

Àpẹẹrẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gbé òfin yìí tì kò jìnnà. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe Òfin Kejì, tó fún aláṣẹ lágbára láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé pé ó jẹ́ ewu fún orílẹ̀-èdè, tí ilé ẹjọ́ kò sì gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di 1999. Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò, wà lára àwọn tí wọ́n mú nílé wọn láìsí ìwé àṣẹ, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1996. Nínú ẹjọ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2000 pé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, lágbára ju òfin lásán lọ, bí kò tilẹ̀ ga ju ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń gbé e lọ sí kóòtù.

Bí wọ́n bá ti kọjá ààlà, kí ni ṣíṣe?

Ilé ẹjọ́ gíga, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ni ẹ ń gbé e lọ, ní ìpínlẹ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 mú un rọrùn. Kò dìgbà tí ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì bá jáde. Ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ lè gbé e lọ lórúkọ rẹ̀. Kò sí pé ọjọ́ ti pẹ́ jù. Ìwé mẹ́ta ló bá ẹ̀bẹ̀ náà rìn: èyí tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ ń bèèrè, ìwé ìbúra tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àti àlàyé òfin látọwọ́ agbẹjọ́rò. Àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́ ní ọjọ́ márùn-ún láti fèsì, ó sì yẹ kí wọ́n dá a sí gbígbọ́ láàárín ọjọ́ méje tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Bí ẹ bá jàre, owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba wà nínú abala 35 fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran irú wọn lọ́wọ́.

Ohun tó sábà ń pa irú ẹjọ́ yìí kì í ṣe òfin, wákàtí ni. Ọlọ́pàá á ní ọjọ́rú ni àwọn mú un, ẹbí á ní ọjọ́ Ajé ni, kò sì sí ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá kọ́kọ́ dé tésàn, kó tó bèèrè ohunkóhun lójú kántà, kó kọ ọjọ́, aago, orúkọ tésàn, àti orúkọ ọlọ́pàá tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé lójú ẹsẹ̀, kí aago orí fóònù náà lè jẹ́rìí.